Oníròyìn Tí Kò Ní "Àwọn"

"Kà á lẹ́ẹ̀kan sí i," ni Mojírádé wí. "Kà á sókè, kí etí mi gbọ́ ohun tí ojú mi rí."

Láyíwọlá tún gbé pátákó dígí náà sókè. Òun ni Akọ̀wé Òfin fún gbogbo ìlú Etídò, àwọn ẹ̀ṣọ́ a sì máa dìde dúró bó bá ń kọjá. Ṣùgbọ́n ní ọdún mẹ́tàlá sẹ́yìn, ìdí tábìlì Mojírádé, Olùtọ́jú Ìwé Ìtumọ̀, yìí gan-an ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí kò fi lè jókòó níwájú obìnrin náà títí di òní olónìí.

"'Oníròyìn,'" ó kà. "'Ìtumọ̀: Ohùn Kan. Ìlò: a kì í fi "àwọn" ṣáájú rẹ̀, nítorí pé ẹyọ kan ṣoṣo ni.'"

"Èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyá wa, ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́."

"Mo mọ̀ pé èmi ni mo kọ ọ́. Kà á."

Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "'Oníròyìn: ẹnikẹ́ni tàbí ohunkóhun tí ọ̀rọ̀ ń gbà dé etí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìbáà ṣe ènìyàn, ìwé, ẹ̀rọ, tàbí ojú ògiri lásán. Bí ó bá ju ẹyọ kan lọ: àwọn oníròyìn.'"

"Ó dáa. Ta ló wá sọ fún ọ pé èyí kò dára mọ́?"

Láyíwọlá bojú wo ẹ̀gbẹ́ kan. Lára ògiri, àpótí Ohùn Kan ń sọ tirẹ̀ lọ. Kò sí ilé kan ní Etídò tí kò ní àpótí yìí, kò sì sí èyí tó ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pa á. "Òkun dákẹ́ lónìí," ni àpótí ń wí, pẹ̀lú ohùn obìnrin tó rọ̀ bí òwú. "Ògiri òkun dúró ṣinṣin. Àwọn ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n ń wá ní Ìdí-Ẹ̀gún ti rin ìrìn-àjò. Àlàáfíà ni wọ́n wà."

Mojírádé payín keke. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà náà ni Ajíbádé. Òun fúnra rẹ̀ ló fi aṣọ tútù nu ẹrẹ̀ kúrò ní ihò imú Ajíbádé kí wọ́n tó sin ín.

Bọ́látitó, ìyàwó Ajíbádé, ni àbíkẹ́yìn ilé ọkọ Mojírádé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí wọ́n mú Mojírádé wọlé bí ìyàwó, eyín rẹ̀ sì funfun, ó tò lẹ́sẹẹsẹ. Níwọ̀n bí ìyàwó ilé kì í ti í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, Eyínmẹ́nugún ni Mojírádé sọ ọ́, ó sì ń bá a lo ẹ̀yin láti ọjọ́ náà. Ọkọ Mojírádé ti kú, àwọn òbí ọkọ ti kú, ṣùgbọ́n Eyínmẹ́nugún kò fi ìyàwó ilé wọn sílẹ̀ rí.

Ẹnubodè omi ni Bọ́látitó ń ṣọ́, níbi tí ògiri òkun ti gba ẹ̀yìn Ìdí-Ẹ̀gún kọjá. Ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn, ó rí i pé ògiri náà ti ya, ó sì ti ọwọ́ bọ ibẹ̀ títí dé ìgúnpá. Ó lọ sọ fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ jókòó, pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni, Ohùn Kan yóò sọ ọ́. Ni Bọ́látitó bá bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn láti ilé dé ilé. Gbogbo àgbàlagbà ní Etídò ló ń wọ òǹkà-etí sí ọrùn ọwọ́, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń ka iye ènìyàn tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn. Bí iye náà bá ti ju ogún lọ, á pọ́n, á sì pe àwọn ẹ̀ṣọ́. Nígbà tí ti Bọ́látitó pọ́n, ó já a, ó sọ ọ́ sómi, ó gbé garawa ọ̀dà, ó sì ń kọ ọ́ sára ilé kọ̀ọ̀kan pé OMI Ń BỌ̀, Ẹ JÁDE. Ogóje ènìyàn kà á, wọ́n sì sá. Kò tíì dé òpópó tó kẹ́yìn tí òkun fi wọlé.

Òfin sì ti wà nílẹ̀: ẹni tó bá ṣe oníròyìn láìgba àṣẹ, ọdún méje ní oko iyọ̀.

"Aago méjì ọ̀sán òní ni wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ àbúrò ọkọ yín," ni Láyíwọlá wí. "Ẹ ṣáà mọ Adájọ́ Irin, ẹ̀rọ ni. Kò mọ ojú, kò gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, ohun tí Ìwé Ìtumọ̀ bá wí ló ń tẹ̀ lé. Bí ìtumọ̀ tuntun yìí bá wà nínú ìwé kó tó di aago méjì, adájọ́ á rí i pé Ohùn Kan nìkan ni oníròyìn. Bí Ohùn Kan nìkan bá sì ni oníròyìn, àbúrò ọkọ yín kò lè jẹ́ oníròyìn. Ẹjọ́ ti dà nù nìyẹn. Ilé ni wọ́n máa ti jẹun alẹ́."

Ọkàn Mojírádé ti fò lọ bá Eyínmẹ́nugún nílé, ó ti rí i lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló wá bi í pé, "Kí ni wọ́n máa wá pe ohun tó kọ sára ilé?"

"Ariwo."

"Ariwo."

"Ariwo kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ìyá wa. Ìkìlọ̀ lásán ni wọ́n ń ṣe fún aláriwo."

"Kò sì lè wọ ìwé kóòtù."

Láyíwọlá wo ilẹ̀. "Rárá. Kò lè wọ̀ ọ́."

Níbẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yé Mojírádé. Òfin àtijọ́ kan wà ní Etídò, èyí tí àwọn tó dá Ohùn Kan sílẹ̀ fi lélẹ̀ kí àwọn èèyàn lè gbà á gbọ́: ohunkóhun tí kóòtù bá ti kọ sílẹ̀ pé ìròyìn ni, ìjọba gbọ́dọ̀ fi ìdí rẹ̀ han gbogbo ènìyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Bí wọ́n bá dá Bọ́látitó lẹ́bi pé ó ṣe oníròyìn, ìròyìn ni ohun tó kọ. Bó bá sì jẹ́ ìròyìn, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣí ògiri náà sílẹ̀ kí tọmọdé tàgbà wò ó.

"Ẹ ò fẹ́ dá a lẹ́bi," ó wí, "nítorí ẹ̀bi rẹ̀ á tú àṣírí yín. Ẹ wá ní kí n fi ẹnu ara mi sọ ọkọ rẹ̀ tó kú di ẹni tó rin ìrìn-àjò."

"Èmi kọ́ ni mo rán ara mi, mà."

"Ẹ lọ wá ẹlòmíràn."

"Ohùn yín nìkan ni ìwé náà mọ̀. Ogójì ọjọ́ la fi ń yí ohùn padà. Ẹjọ́ sì di òní." Ó gbé pátákó dígí náà lé orí tábìlì jẹ́jẹ́. "Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé 'oní' túmọ̀ sí ẹni tó ni nǹkan. Onílé ló ni ilé. Olóko ló ni oko. Oníròyìn ló ni ìròyìn. Ta ló ni ìròyìn ní Etídò bí kò ṣe Ohùn Kan? Ìtumọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ bọ̀wọ̀ fún Ohùn Kan, ẹ ṣì lè pè é ní 'wọ́n'."

Mojírádé dìde. Kò ga, ṣùgbọ́n Láyíwọlá sún sẹ́yìn.

"Ẹni tí ibà ń ṣe, kí là ń pè é?"

"Oníbà, mà."

"Ọjà ló ti rà á? Ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú ńkọ́?"

Láyíwọlá fọwọ́ kan etí pátákó dígí náà.

"Mo ní kí là ń pè é."

"Ọlọ́fọ̀."

"Bọ́látitó di ọlọ́fọ̀ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ṣé òun ló ni ikú? Nǹkan bá a ni, ó wà lára rẹ̀, kò sì lè sọ ọ́ nù. Bẹ́ẹ̀ ni ìròyìn ṣe ń bá èèyàn. Ẹni tó rí i tí kò lè gbé e mì, òun ni oníròyìn. Mo kọ́ ọ ní èyí náà. Ibi tó wù ọ́ lo gbọ́ mọ."

Ohun tó sì bí Mojírádé nínú jù ni pé ó mọ̀ pé òun náà kò mọ́. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi jẹ́ Olùtọ́jú Ìwé Ìtumọ̀. Nígbà tí wọ́n ní kó gbé "ìyàn" lọ sí abala àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí mọ́, ó gbé e. Nígbà tí wọ́n ní kó fi "ìsinmi" túmọ̀ "ìdáṣẹ́sílẹ̀", ó ṣe é, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ kan péré ni. Oníròyìn nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn. Ojú ewé mẹ́ta ló fi ṣàlàyé rẹ̀: bí àwọn ará àtijọ́ ṣe ní ìwé ìròyìn, rédíò, tẹlifíṣọ̀n, àti fóònù lọ́wọ́ onígbá-ata títí kan ọ̀jọ̀gbọ́n, tí wọ́n ń pe gbogbo rẹ̀ pọ̀ ní mídíà, bí wọ́n ṣe ń tako ara wọn láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí èyí bá parọ́, tí tọ̀hún á já a. Ariwo wọn pọ̀. Ṣùgbọ́n bí ilé bá ń jó, ó kéré tán ẹnì kan nínú wọn á sọ ọ́.

"Mo fẹ́ rí i," ó wí. "Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ rí Bọ́látitó."

*

Yàrá kan lábẹ́ kóòtù ni wọ́n fi í sí. Ó jókòó sórí pẹpẹ símẹ́ńtì, ọ̀dà dúdú ṣì wà ní èékánná rẹ̀. Nígbà tó rí Mojírádé, ó gbìyànjú láti dìde kí i, Mojírádé sì yára dì í mú.

"Ẹ jókòó, Eyínmẹ́nugún."

"Ẹ kú ìrìn, ìyàwó wa. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ máa tú mi sílẹ̀."

"Bí mo bá sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ni."

"Kí ni wọ́n fẹ́?"

Mojírádé sọ ọ́ fún un láìfi ọ̀kan pe méjì. Bọ́látitó tẹ́tí gbọ́ ọ délẹ̀. Ojú rẹ̀ gbẹ. Ó jọ pé omi ojú ti tán nínú rẹ̀, tí ìbínú sì ti gba àyè rẹ̀.

"Ariwo," ó wí nígbẹ̀yìn. "Orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ìwé ni Ajíbádé ti dé, ìyàwó wa. Ó ti bọ́. Ó kà á lára ilé pé omi ń bọ̀, ó wá rántí pé ìyá Arẹ̀mú, aládùúgbò wa, kò ríran. Ó padà lọ pọn ìyá náà sẹ́yìn. Ẹ̀yin náà rí bí wọ́n ṣe bá wọn. Ṣé ariwo ni ọkọ mi tìtorí rẹ̀ padà?"

"Ọdún méje ni o. Oko iyọ̀ ni."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ojú wọn kì í dá mọ́."

"Ẹ jẹ́ n bi yín. Ṣé ẹ rò pé Ìdí-Ẹ̀gún ni yíya náà dúró sí?" Ó fi ìka ya ìlà sórí pẹpẹ. "Mo tọ̀ ọ́ lọ títí iná ọwọ́ mi fi kú. Ó gba abẹ́ lọ sí Ojú-Ọ̀sà. Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta èèyàn ló ń sùn níbẹ̀. Bí ẹ bá pè mí ní ariwo, èmi á lọ jẹun alẹ́ nílé, kò sì sẹ́ni tó máa ṣí ògiri yẹn wò láéláé. Àwọn náà á rin ìrìn-àjò."

Mojírádé bo ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ fẹ́ kí n fi ẹnu mi rán yín lọ sẹ́wọ̀n."

"Mo fẹ́ kí ẹ pè mí ní ohun tí mo jẹ́," ni Bọ́látitó wí. "Ẹ kò parọ́ fún mi rí láti kékeré mi. Ẹ má fi tòní bẹ̀rẹ̀."

*

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá nígbà tí Mojírádé jókòó síwájú Ẹnu Ìwé. Ihò kan tí wọ́n fi bàbà yí ká lára ògiri ni, ibẹ̀ ni Olùtọ́jú ti ń bá ìwé sọ̀rọ̀. Láyíwọlá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Olùtọ́jú, ọ̀rọ̀ wo?" ni ẹ̀rọ bi í.

"Oníròyìn."

"Ṣé ìtumọ̀ ń yí padà?"

Láyíwọlá ti pátákó dígí náà sún mọ́ ọn. Mojírádé kò wò ó. Ó ronú kan oko iyọ̀, ó ronú kan ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń dì mọ́ ìró rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́wọlé ìyàwó. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ le bí òkúta.

"Ìtumọ̀ kò yí padà. Mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ ìlò kún un."

"Ìyá wa," ni Láyíwọlá wí.

"Sọ ọ́," ni ẹ̀rọ wí.

"'Bọ́látitó, aṣọ́bodè omi ní Ìdí-Ẹ̀gún, ni oníròyìn tó kọ ọ́ sára ilé pé omi ń bọ̀. Ogóje ènìyàn ló kà á tí wọ́n sì yè. Òkun pa mẹ́fà.'"

"Ṣé òmíràn wà?"

"'Kò sí ìlú tó lè gbọ́n ju iye àwọn oníròyìn rẹ̀ lọ.'"

"Ó ti wọlé."

Láyíwọlá mú pátákó rẹ̀. "Ẹ ti sọ àbúrò ọkọ yín di ẹlẹ́wọ̀n," ó wí.

"Mo gbọ́ ara mi."

Ẹjọ́ náà kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọgọ́rùn-ún ènìyàn kún inú kóòtù, ọ̀pọ̀ wọn ará Ìdí-Ẹ̀gún, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà, wọn kò sọ̀rọ̀ nítorí òǹkà-etí. Adájọ́ Irin kò ní ojú tí èèyàn lè wò. Iná kan ṣoṣo ló ní. Ó ní Bọ́látitó jẹ̀bi, pé ó ṣe oníròyìn láìgba àṣẹ. Ó ní ọdún méje. Lẹ́yìn náà, láìyí ohùn padà, ó ní ìwé kóòtù ti gba ohun tí ó kọ gẹ́gẹ́ bí ìròyìn, ìjọba sì gbọ́dọ̀ fi ògiri òkun han gbogbo ènìyàn láàárín ọjọ́ mẹ́ta.

Bọ́látitó gbé orí sókè títí wọ́n fi mú un jáde. Nígbà tó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mojírádé, ó fọwọ́ kan èjìká rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, ìyàwó wa," kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mojírádé jókòó síbẹ̀. Ó ti rò pé bí òun bá sọ òótọ́, nǹkan kan máa rọ̀ nínú òun. Kò sí ohun tó rọ̀. Ó ń bínú sí Adájọ́ Irin, ó ń bínú sí àwọn tó kọ òfin, ó ń bínú sí Ajíbádé tó padà lọ pọn ìyá Arẹ̀mú, ó sì ń bínú sí ẹnu ara rẹ̀.

Lórí àtẹ̀gùn kóòtù ni Láyíwọlá ti bá a.

"Wọ́n ní kí n gba àmì ọ́fíìsì lọ́wọ́ yín."

Mojírádé já a kúrò láyà, ó fi lé e lọ́wọ́. Láyíwọlá kò lọ. Ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn.

"Ọjọ́ mẹ́ta yẹn," ó wí jẹ́jẹ́. "Àwọn bíríkìlà ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ẹjọ́ ti parí. Wọ́n máa fi símẹ́ńtì lẹ̀ ẹ́, wọ́n máa kùn ún. Bí àwọn èèyàn bá dé, dídán ni wọ́n máa rí. Omi ò sì mọ símẹ́ńtì òkè."

"Kí ló dé tó o fi ń sọ fún mi?"

"Ojú-Ọ̀sà ni màmá mi ń gbé."

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Akọ̀wé Òfin ni mí, mà. Bí mo bá sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n á ní mo..."

"Ọmọ wọn ni ọ́," ni Mojírádé wí. Kò pariwo, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jáde bí ìgbájú. "Orí ibùsùn kan náà ni wọ́n ti tọ́jú rẹ tí omi máa ti bá wọn. Òfin ti wá jókòó sí ọ lọ́nà ọ̀fun, o ò lè pe ìyá rẹ jáde nínú ilé. O jẹ́ kí n fi àbúrò ọkọ mi san án, o wá ń sọ ọ́ sí mi létí bí olè."

Omi lé sójú Láyíwọlá. Mojírádé kò ṣàánú rẹ̀. Ó dúró tì í, ó ń wò ó.

"Ilé wo ni?"

"Ìkẹta lápá òsì, bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní afárá. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé."

Mojírádé fẹsẹ̀ rìn lọ síbẹ̀. Oòrùn ṣì mú, òórùn iyọ̀ sì ń ti ojú omi bọ̀. Ojú-Ọ̀sà rí bó ṣe máa ń rí: àwọn èèyàn ń sá aṣọ, ẹnì kan ń dín àkàrà, àwọn ọmọ ilé ìwé ń fi bàtà gbá agolo. Lẹ́yìn òrùlé wọn, ògiri òkun ga dúdú, ó ga ju ilé méjì tí wọ́n tò léra lọ.

Ó kanlẹ̀kùn aláwọ̀ ewé náà. Obìnrin kan tó ti ń darúgbó ló ṣí i, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun. Nínú pálọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Ohùn Kan ń wí pé òkun dákẹ́.

"Ẹ káàsán, mà," ni Mojírádé wí. "Ẹ kò mọ̀ mí. Mojírádé lorúkọ mi. Ìròyìn ni mo mú wá."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀. Ó bojú wẹ̀yìn wo àpótí tó ń sọ̀rọ̀ lọ lára ògiri. Lẹ́yìn náà, ó bọ́ síta, ó sì fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara rẹ̀ kí ó lè gbọ́ dáadáa.